Oògùn Ti Dé, Ta Ni Yóò Rí I Lò?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a jọ ronú lórí ọ̀rọ̀ kan. Bí ènìyàn bá mọ oògùn àìsàn kan, ǹjẹ́ ó jẹ aláìsàn ní gbèsè? Àbí ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó kan ìyá tó ń pọn ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Kétu. Ó kan bàbá tó ń ro oko ní Ṣábẹ̀. Ó kan ẹ̀yin náà.

Àìsàn kan wà tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ní ilé ìwòsàn, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní drépanocytose tàbí SS. Ọmọ tó bá ní in a máa ké pé egungun ń dun òun. Ojú rẹ̀ a máa pọ́n rúsúrúsú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú. Lónìí ó ń ṣeré, lọ́la ó ti dùbúlẹ̀. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í pé ọdún 5. Nínú ọmọ 4 tí a bí pẹ̀lú àìsàn yìí ní gbogbo ayé, ó kéré tán 3 jẹ́ ọmọ Áfíríkà.

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń kú léraléra, a máa ń sọ pé àbíkú ni. Nígbà mìíràn, ìyá ọmọ ni wọn a di ẹ̀bi rù. Wọn a ní àjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìwádìí fi hàn?

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, James Herrick, kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Ó fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ó rí àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé, dípò kí wọ́n rí róbótó. Hóró tó bá tẹ̀ báyìí kì í lè gba inú iṣan tín-ín-rín kọjá. A dí ọ̀nà, bí koríko ṣe ń dí ojú omi. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé ọmọ ń jogún rẹ̀ lára bàbá àti lára ìyá. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà sì jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le koko. Síbẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ewu wà pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu náà, kì í sì í dín kù nítorí pé ọmọ kan ti ní in. Nítorí náà, kò sí ìyá tó dá fún ọmọ rẹ̀ ní SS. Ọwọ́ bàbá wà níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe ègún. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í sábà pa ọmọ tó jẹ́ AS. Ìdí nìyí tí AS fi pọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ohun tó gba àwọn bàbá ńlá wa lọ́wọ́ ibà ni òun náà ń pa ọmọ wa.

Wàyí o, ìmọ̀ tuntun ti dé. Àwọn kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ní ohun ìjà tí wọ́n fi ń gé ọ̀tá tó bá wọ inú wọn. Ní 2012, obìnrin méjì, Emmanuelle Charpentier ọmọ Faransé àti Jennifer Doudna ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn pé ènìyàn lè darí ohun ìjà yìí bí ọ̀bẹ. Ibi tí a bá fẹ́ nínú ohun tí ọmọ ń jogún ni yóò gé. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2020.

Àwọn dókítà mú ọ̀bẹ náà lò fún SS. Wọ́n a gba díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Wọ́n a tún un ṣe, kí ó lè máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún, èyí tí kì í tẹ̀. Wọ́n a fi oògùn líle pa èyí tó kù nínú egungun rẹ̀, kí wọ́n tó dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà. Ní 2019, wọ́n ṣe é fún Victoria Gray, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà. Ìrora ńlá tó ti ń bá a jà láti kékeré dáwọ́ dúró. Ní ìparí 2023, ìjọba Ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú náà.

Èló ni? Ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù 2.2 owó dọ́là ni wọ́n dá lé e fún ẹnìkan. Ó ju mílíọ̀nù 1000 owó CFA lọ. Bí ẹ ta oko, tí ẹ ta ilé, tí ẹ ta màlúù, kò lè pé.

Ẹni tó ṣe oògùn yóò ní: oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní ń gbé. Òótọ́ ni. Ó ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, ó ná owó. Kò sí àgbẹ̀ tó ń fẹ́ ta iṣu rẹ̀ ní àdánù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ èésú. Bí ènìyàn bá ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn yòókù ń kó, tí ọjọ́ tirẹ̀ kò dé láéláé, ṣé èésú nìyẹn? Láti 1910, ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìrora ń dà láàmú ni àwọn onímọ̀ fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn náà ti dá tiwọn. Lójú tèmi, ó tọ́ kí oníṣẹ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò tọ́ kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá a dá èésú. Ó yẹ kí àwọn onílé-iṣẹ́ àti àwọn ìjọba wá ọ̀nà tí yóò fi dín owó, kí wọ́n sì kọ́ àwọn dókítà tiwa ní iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí a tó na ìka sí wọn, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ ara wa. Ní Kútọnu, Dókítà Mohamed Chérif Rahimy àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tọ́jú àwọn ọmọ SS, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003. Wọn kò lo ọ̀bẹ tuntun kankan. Wọ́n kọ́ àwọn òbí bí a ṣe ń tètè mọ ewu. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní oògùn tó ń dènà ibà àti èyí tó ń dènà àrùn mìíràn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àìsàn náà kò tún dá àwọn ọmọ wólẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Oògùn kan tún wà, hydroxyurea, tí dókítà lè fún ọmọ SS láti mu. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́rin, tó jáde ní 2019, fi hàn pé ó dín ìrora àti ikú kù.

Owó díẹ̀ ni a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Síbẹ̀, àwọn kan mọ̀ pé AS ni wọ́n, wọ́n fi pamọ́ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ́. Àwọn kan ti gbọ́ òkodoro ọ̀rọ̀, wọ́n ṣì ń pe ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ní àjẹ́. Kí ni ìyàtọ̀ àwọn wọ̀nyí sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ oògùn? Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn náà, wọ́n sì há a mọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí dé ibí, ẹ ti mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ti jẹ gbèsè. Ta ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún?