Wáàsí tí A Kò Fi Ẹnu Ṣe
Kùtúbà ọjọ́ Jímọ̀, Wásinmi

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn tí Ó sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìgbéǹde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú láti bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀.

Láti ibi tí a jókòó sí yìí, Àpòmù kò jìnnà. Ní nǹkan bí ọdún 1821, nínú ọjà Àpòmù, aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ láàrin ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú lórí kíkà ataare. Ọ̀kan ní iye rẹ̀ pé, èkejì ní kò pé. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di ogun. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ pawọ́ pọ̀, wọ́n dó ti Òwu fún ọdún mélòó kan, ìlú ńlá náà sì tú. Àwọn ará Òwu fọ́n ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wá di ará Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé àwọn onítàn ka ìdí mìíràn mọ́ ogun náà, jíjí ènìyàn gbé tà nínú ọjà kan náà sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ataare ni ó ṣáná sí i.

Súrà kan odidi ni Ọlọ́hun fi sọrí àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù: Súrà 83, Al-Mutaffifīn. Ègbé ni Ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì wà fún àwọn tí ń gba ẹ̀kún rẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń rà, tí wọ́n sì ń yọ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní agbègbè wa yìí, ẹ gbọ́ mi. Àgbẹ̀ tí ó gbé àpò kòkó rẹ̀ dé iwájú òṣùwọ̀n yín lè má gbọ́ Lárúbáwá. Ó lè jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ó lè má wá sí wáàsí wa títí ayé. Ohun tí yóò mọ̀ nípa Ìsìláàmù ni ohun tí òṣùwọ̀n yẹn bá sọ fún un. Bí o bá ti dọ́gbọ́n sí i, o ti ṣe wáàsí fún un ná, ó sì ti yé e yékéyéké.

Báwo ni ẹ̀sìn yìí tilẹ̀ ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá? Kì í ṣe idà ni ó kọ́kọ́ gbé e wọlé. Àwọn oníṣòwò ni. Orúkọ tí àwọn baba wa fi pè é, ìmàle, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ara orúkọ Mali ni ó ti wá. (Àwọn kan máa ń bínú sí orúkọ náà lónìí, èmi kò rí àbùkù nínú rẹ̀.) Wọ́n jókòó sínú ọjà, wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n ń kírun bí àkókò bá tó. Àwọn tí ó ń wò wọ́n ni ó wá béèrè ohun tí wọ́n ń sìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti Ànábì wa fúnra rẹ̀: kí ìmísí tó dé ni àwọn ará Mákà ti ń pè é ní Al-Amīn, ẹni tí a lè fọkàn tán. Nígbà tí ó ń kúrò ní Mákà ní ọdún 622, tí wọ́n ń wá ẹ̀mí rẹ̀, ó fi Ali sílẹ̀ sẹ́yìn kí ó lè dá ohun tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ padà fún wọn.

Ọjà ti wọ inú fóònù lónìí. Ẹ rántí hadíìsì kan tí ó wà nínú àkójọpọ̀ Imam Muslim. Ànábì kọjá lẹ́bàá òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ni ín ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tí ó tutù sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣe màgòmágó kì í ṣe ara wa. Àwòrán tí ò ń gbé sójú WhatsApp, òkè òkìtì náà ni. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ndọ̀nù tí ó fi owó ránṣẹ́ sí ọ kò lè ki ọwọ́ bọ inú àpò gàrí rẹ. Ìwọ nìkan ni o mọ ibi tí ó tutù. Àwọn tí ń ta dòdò Ìkirè lójú títì mọ ohun tí mò ń sọ: ọkọ̀ á ti gbéra kí ẹni tí ó rà á tó tú u wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí ó ṣèèṣì wọ inú àkáǹtì ẹni. Àwọn kan á ní Ọlọ́hun ni ó bùn wọ́n. Àmánà ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kọjá lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Àwọn ènìyàn di èrò ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀, a sì gbọ́ pé ẹ̀mí sọnù. Àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ rò pé àánú ni àwọn ń ṣe. Súrà Al-Hujurāt, ẹsẹ kẹfà, ti pàṣẹ pé bí ẹni tí kò ṣeé gbára lé bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ WhatsApp dín iye ibi tí a lè darí ọ̀rọ̀ kan sí lẹ́ẹ̀kan náà kù sí márùn-ún. Ní ọdún 2020, wọ́n dín èyí tí ó ti kárí jù lọ kù sí ẹyọ kan. Ṣé oníṣòwò ni yóò wá kọ́ mùsùlùmí ní ohun tí Al-Kùránì ti sọ? Èyí tí ó sì burú jù lójú tèmi ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ń wí pé Ànábì ní kí o fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi yóò bá ọ. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun.

Àwọn tí ń bú ara wọn nínú fídíò ní orúkọ wáàsí, kí wọ́n lọ ka ẹsẹ 125 nínú Súrà An-Nahl.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí kò níṣẹ́ ra àgbò Iléyá fún baba, baba kò béèrè. Ó ra ọkọ̀, ìyá ń yọ̀, a sì ń ki í ní ojúde. Gbogbo wa mọ̀ pé yahoo ni. Ìyá arúgbó kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé Abdullahi ni orúkọ ẹni tí ó jà á lólè, ìpèpè wo ni yóò tún wọ̀ ọ́ létí? Ànábì sọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò kan tí eruku bò, tí ó na ọwọ́ sókè tí ó ń ké pe Olúwa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ jẹ́ harámù. Ó béèrè bí a ó ti ṣe gba àdúrà irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ: sàráà kò fọ owó olè. Bí a bá ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ kan òrùlé mọ́sálásí yìí, ó sàn kí òjò máa rọ̀ lé wa lórí.

Ẹni tí owó ẹlòmíràn bá wà nínú àkáǹtì rẹ̀, kí ó dá a padà kí ó tó dé ilé lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n, kí ó lọ tún un yẹ̀ wò kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Baba tí kò mọ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, kí ó béèrè ní alẹ́ yìí, kí ó sì dúró gbọ́ èsì.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin àti gbogbo mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.