Sí Ọ̀dọ́mọkùnrin Tí Ó Fẹ́ Wọ Iṣẹ́ Ológun

Ọmọ mi ọ̀wọ́n nínú Krístì, o ń múra àtilọ sí Zaria, níbi tí a gbé ń kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun Nàìjíríà. O ń sáré ní ìdájí, o sì ń ru ẹrù gun òkè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò múra nílé, ojú ni yóò tì í ní pápá.

Ṣùgbọ́n ta ni ń kọ́ ọkàn rẹ? Ìbọn kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀tá àti aláìṣẹ̀. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ ni ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè ohun tí wọn yóò ṣe, kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi ipá gba ohun ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ wọn sì tẹ́ wọn lọ́rùn.

Nítorí náà, kí o tó lọ, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, gba Ara Krístì, kí o sì tọrọ ìbùkún lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ. Bí ọ̀gá rẹ bá pàṣẹ rere, tètè ṣe é. Bí ó bá pàṣẹ ibi, rántí Ẹni tí ó ga ju gbogbo ọ̀gágun lọ. Kí Ó pa ọ́ mọ́. Àmín.