KÓNÍLÉ-Ó-GBÉLÉ: Ẹ̀MÍ TA NI A FẸ́ FI DÓGÒ?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa nísinsìnyí tí ara ti tù wá: bí ìjọba bá ní kí a jókòó sílé nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, ṣé aláìgbàgbọ́ ni ẹni tí ó bá jókòó?

Ní agogo 11 alẹ́, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn Kòrónà. Mushin ni mo wà. Ìyá mi arúgbó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n dínà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ oúnjẹ ń kọjá, àwọn awakọ̀ kan sì ń fi èrò pamọ́ sáàárín ẹrù. Ọ̀kan nínú wọn wí fún mi pé, “Bàbá, ṣebí aládùúrà ni yín? Ẹ gbàdúrà, ká máa lọ jàre!”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kò dọ́gba. Àrùn yìí lè wà lára ẹni tí kò wúkọ́, tí ara rẹ̀ kò gbóná, kí ó sì ran ẹlòmíràn. Àwọn àgbàlagbà ni ó sì ń pa jù. Bí mo bá fi ẹ̀mí tèmi dógò, ó kù sọ́wọ́ èmi àti Ẹlẹ́dàá mi. Ta ni ó fún mi láṣẹ láti fi ti ìyá mi dógò? Mi ò lọ.

Ìjẹ̀bú-Òde yìí kan náà ni àwọn ará díẹ̀ ní ìjọ St. Saviour ti ń pàdé gbàdúrà ní 1918, nígbà tí àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn, tí wọ́n sì ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ọ̀kan nínú orísun Aládùúrà nìyẹn. Ìlẹ̀kùn tì, àdúrà kò tì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu ìkejì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Aládùúgbò wa kan ń dín àkàrà. Èyí tí ó bá tà lónìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ lónìí. Nígbà tí ó yọ́ jáde pẹ̀lú igbá rẹ̀, àwa tí a ní gàrí lápò ń bú u pé kò gbọ́ràn. Háà! Irú wa ni Àpọ́sítélì Jákọ́bù bá wí. Ẹni tí ó bá ní kí aládùúgbò òun jókòó, kí ó bá a wá ohun tí yóò jókòó tì.

Ọ̀nà ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún náà, mo sì bá ìyá mi láàyè. Ìbá ṣe òkú rẹ̀ ni mo bá, ǹ bá sunkún gidi, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kì bá yí padà.

Nítorí náà, ará, ìgbàgbọ́ tí kò bìkítà fún ẹ̀mí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Òfin tí kò bìkítà fún ikùn ẹlòmíràn náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kí Olúwa má jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀ mọ́. Àmín.