Ṣé Ẹni Tí Kò Débẹ̀ Lè Jẹ́rìí?



Ní ọdún 1668, Olfert Dapper, ará Amsterdam, tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa Áfíríkà. Àwòrán kan nínú rẹ̀ fi Ọba Bìní hàn lórí ẹṣin, pẹ̀lú àwọn onílù àti ẹkùn, ìlú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Dapper kò fi ẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé àwọn tí ó lọ ni ó kó jọ.

Ṣé irọ́ ni? Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹyẹ orí òrùlé ààfin tí ó wà nínú àwòrán náà wà lára iṣẹ́ idẹ tí àwọn ará Bìní fúnra wọn ṣe. Ṣùgbọ́n òótọ́ àti àròsọ lè dà pọ̀ níbẹ̀, àwòrán kò sì lẹ́nu tí yóò fi sọ pé "wọ́n ní".

Àwa lẹ́nu. Bí a bá gbọ́ lọ́jà Ìkòtún pé opó kan ta ilẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, tí a sọ ọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá bí ẹni pé ó ṣojú wa, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Ìgàndó. Ó lè tà á lóòótọ́, kí ó fi owó rẹ̀ san owó ilé ìwé wọn. Ìdajì tí a kò gbọ́ ni yóò ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. A kò ní kí a dákẹ́. Bí gbogbo wa bá dákẹ́, ta ni yóò gba ẹni tí a ń fìyà jẹ? Kí a sáà máa sọ pé, "A gbọ́ ni, a kò rí i." Kí a sì kọ́kọ́ bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn ará Bìní ti ń fi idẹ ṣe àwòrán ara wọn kí Dapper tó kọ̀wé.