Ṣé Kí Kristẹni Yá Owó Báńkì Fi Kàwé Dókítà?

Láti ìgbà tí àwọn tó ti jáde nínú ìdàpọ̀ wa ti ń kó lọ sí Kánádà ni ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa: ẹni tí Ọlọ́run pè sí iṣẹ́ ìṣègùn, tí kò lówó, ṣé ó tọ́ kó lọ yá a ní báńkì? Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, wọ́n á sì ṣí Róòmù 13:8. Àwọn mìíràn ní báńkì gan-an ni ìdáhùn àdúrà. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ti yára jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní Kánádà, ọdún mẹ́rin ni ilé ìwé ìṣègùn sábà máa ń gbà, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gba dìgírì kan tẹ́lẹ̀. Àwọn báńkì ibẹ̀ ní owó kan fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní line of credit. Wọn kì í kó gbogbo rẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á dá gbèdéke kan, tó lè lé ní 300,000 dọ́là, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa fà á díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe nílò rẹ̀. Ohun tó bá fà nìkan ni èlé ń gorí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó bá ti fà á ni. Nígbà tó ṣì wà nílé ìwé, èlé nìkan ni wọ́n ń béèrè lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ló ń fa owó látinú àpò kan náà láti fi san èlé àpò náà, ìyẹn ni pé wọ́n ń fi gbèsè san gbèsè. Ojú owó á dúró de ẹ̀yìn ẹ̀kọ́. Kì í sì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ló sábà máa ń rí i gbà o. Ọmọ ìlú ni, tàbí ẹni tó ti gba ìwé ìgbélùú.

Kí ló dé tí báńkì, tó máa ń da oníṣòwò kékeré padà lẹ́nu ọ̀nà, fi ń fi ẹ̀rín pàdé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ́bọ̀? Wọ́n mọ iye tí dókítà ń gbà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fi ilé dúró, kò fi ilẹ̀ dúró. Ọwọ́ rẹ̀ tó máa ṣiṣẹ́ lọ́la ló fi dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé Diutarónómì 24:6 ló kan ọ̀rọ̀ yìí jù, kì í ṣe Róòmù 13. Níbẹ̀, Òfin kọ̀ fún ayánilówó láti gba ọlọ ṣe ohun ìdógò, àti ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ, nítorí òun ni onítọ̀hún fi ń jẹun. Ẹ lè gba aṣọ, kẹ́ ẹ dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú (Ẹ́kísódù 22:26). Ẹ má fọwọ́ kan ọlọ.

Àwọn baba wa mọ irú ìdógò yìí, ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó sì fi yé wa pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó ni èlé. Bó fi ogún ọdún ṣe é, ojú owó kò dín. Ṣùgbọ́n nǹkan yẹn ní ààlà: tó bá ti ṣe iṣẹ́ olówó rẹ̀ tán, oko tirẹ̀ ló kàn. Ẹni tó ń san èlé nìkan lóṣooṣù kò jìnnà sí ìwọ̀fà, àfi pé ìwọ̀fà mọ apá ibi tí ọjọ́ rẹ̀ kì í ti í ṣe tirẹ̀.

Ẹni tó fa line kò mọ̀ ọ́n, torí èlé rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń bá èlé ìpìlẹ̀ àwọn báńkì ibẹ̀ rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní prime. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, prime jẹ́ 2.45%. Nígbà tó fi máa di oṣù keje 2023, ó ti dé 7.20%. Ká ní ẹnì kan ti fa 200,000 dọ́là, tí wọ́n sì ń gba prime gan-an lọ́wọ́ rẹ̀. Èlé ọdún kan á fò láti 4,900 dọ́là lọ sí 14,400, láìjẹ́ pé ó fi kọ́bọ̀ kún ohun tó yá. Nǹkan bí 400 lóṣù di 1,200. Ìṣirò owó ni mò ń kọ́ ní tèmi, mi ò mọ nǹkan kan nípa egungun àti iṣan, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìṣirò tó le.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni? Rárá. Ẹ ka Róòmù 13 láti ẹsẹ keje: owó orí àti ọ̀wọ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, pé ká san ohun tó bá tọ́ sí oníkálùkù. Kò sọ pé a kò gbọdọ̀ yá nǹkan. Òfin tó kọ èlé nínú Ẹ́kísódù 22:25 ń dáàbò bo tálákà. Nínú 2 Àwọn Ọba 4, ọkọ opó yẹn bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì kú sínú gbèsè. Èlíṣà kò bú u. Ó ní kí wọ́n ta òróró, kí wọ́n san án. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí olówó fẹ́ wá mú: àwọn ọmọkùnrin méjì, ìyẹn ọ̀la ilé náà.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Kí ẹni tó fẹ́ yá owó má wulẹ̀ béèrè bóyá Ọlọ́run gbà á láyè. Kó béèrè pé, lẹ́yìn gbèsè yìí, bí Ọlọ́run bá rán mi níṣẹ́, ṣé màá lè lọ? Ilé ìwòsàn Baptist ní Ògbómọ̀ṣọ́, Wesley Guild ní Iléṣà, Evangel ní Jos tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Jankwano, àwọn dókítà tí owó kékeré tó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń san 1,200 dọ́là èlé lóṣù, tí kò tíì kan ojú owó, kò lè dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ lóhùn, bó ti wù kó máa sunkún tó lórí eékún rẹ̀. Báńkì kò ní wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí òṣómàáló. Wọ́n á kàn máa yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé òun kò ní yá owó báńkì láé, kó jọ̀ọ́ sọ ibi tí owó náà ti máa wá. Nílé wa, a kì í sọ pé a yá owó, ẹbí ló “gbìyànjú”. Bàbá á ta ilẹ̀. Màmá á da owó èsúsú tó kó sórí ìwé ẹnì kan ṣoṣo, ọjà rẹ̀ á sì máa kéré sí i. Ẹ̀gbọ́n obìnrin á parí sí ilé ìwé girama kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè di dókítà. Kò sẹ́ni tó kọ iye èlé sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ síwèé. Àmọ́ lọ́jọ́ tí dókítà náà bá ní ilé ìwòsàn míṣọ̀n ni Olúwa ní kóun lọ, gbogbo ẹbí á dìde sí i. Wọn ò jẹ̀bi, wọ́n ti ná tiwọn. Gbèsè báńkì ní ọjọ́ tó ń parí, èyí kò ní. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé yíyá ní báńkì ló máa jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n obìnrin yẹn náà rí yunifásítì wọ̀.

Nílé níbí, owó NELFUND yàtọ̀. Òfin 2024 kò fi èlé sí i, ó sì ti mú onídùúró tí òfin 2023 ń béèrè kúrò. Ilé ìwé ìjọba ló wà fún. Wọ́n ń san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba 20,000 náírà lóṣù fún bùkátà. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC kí sísan rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, 10% owó oṣù sì ni. (Ẹ má fi ìyẹn rọ́pò ìdá mẹ́wàá yín o.) 10% yẹn ni ààlà tí mò ń wí: ìyókù ọjọ́ jẹ́ tìrẹ. Àwọn kan ń sọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé owó ìjọba ni, àwọn kò ní san án. Ẹni tó ti pinnu bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i kò yá nǹkan kan, ó jí i ni. Sáàmù 37:21 wà níbẹ̀. Ní ti yíyá náírà ní báńkì fún ìwé ọdún mẹ́fà, nígbà tí èlé ìpìlẹ̀ CBN dé 27.50% ní ìparí 2024, mi ò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ rù ú.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánádà, tí ìwé báńkì ti wà lórí tábìlì yín: ẹ kọ́kọ́ gba ti ìjọba tán. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2023, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kò gba èlé lórí owó tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ó sì máa ń dárí apá kan gbèsè yẹn ji dókítà ẹbí tó bá lọ ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n. Gbèsè báńkì kò sí lára èyí tí wọ́n ń dárí rẹ̀ jini. Nítorí náà, ẹni tó bá fi line san gbèsè ìjọba kí gbogbo rẹ̀ lè wà lójú kan, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ìgbèríko. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá ṣírò ohun tó ṣẹ́ kù: owó ilé ìwé, ilé, oúnjẹ, ìdánwò. Ẹ ṣírò rẹ̀ bíi pé èlé máa gòkè, kì í ṣe bó ṣe wà lónìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ onídùúró. Àwọn báńkì kan máa ń béèrè ẹni tó máa bá yín fọwọ́ sí i, pàápàá bí ẹ kò bá tíì pẹ́ nílùú wọn, ojú àwọn àǹtí àti àwọn àgbà ìjọ ni ọ̀pọ̀ sì máa ń wò. Òwe 22:26-27 kìlọ̀ fún onídùúró nípa ibùsùn tí wọ́n lè fà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Àwa tí à ń bẹ̀ wọ́n la kì í kà á. Bí àǹtí yín bá gbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé náà tán kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì sọ iye tẹ́ ẹ máa fà fún wọn, kì í ṣe iye tí báńkì ní ẹ lè fà.