Ta Ni Ó Ń Sọ Orin Lórúkọ?

Ní Dọ́pẹmu, lẹ́bàá afárá, a gbọ́ orin kan láti inú ìsọ̀ kan. Ìlù rẹ̀ dún bí fújì, a sì bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wa tí wọ́n ń jó sí i wí gidigidi. Nígbà tí a wo fídíò rẹ̀, aṣọ akọrin ìjọ ni ó wà lọ́rùn àwọn olórin. Ojú wá tì wá. Ìlù kò yí padà. Àwa ni a yí padà.

A ti rò pé inú orin ni ẹ̀yà rẹ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n láti inú wéré, tí a fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì, ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde lọ sí òde àríyá. Àwọn olùgbọ́ gba orúkọ náà, ó sì dúró. Ní 1922 ẹ̀wẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìjọ ní èdè Yorùbá sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí àwòrán tí yóò ran olùgbọ́ lọ́wọ́.

Àwòrán a máa tètè dáhùn fún ẹni, bẹ́ẹ̀ aṣọ funfun lè bo ọ̀rọ̀ asán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò tilẹ̀ wo fídíò rí. Ọ̀rọ̀ orin náà ni ó kà fún wa láìṣì í. A tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.