Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Dúró De Ẹni Tí Yóò Jìn Sí Kòtò?

Àwọn baba wa fi òwe méjì lé wa lọ́wọ́ nípa ewu. Èkíní ni pé, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Èkejì ni pé, "Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n." Ojoojúmọ́ ni a ń pa méjèèjì bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Òwe èkíní kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara pa rárá. Èkejì kò lè wúlò àfi bí ẹnìkan bá ti ṣubú ná. Ta ni ẹni náà? Ta ni ó sì yàn án?

Ìbéèrè yìí ni ó gbà mí lọ́kàn nígbà tí mo ń kà nípa iṣẹ́ náánò. Nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà; irun orí kan ṣoṣo a máa nípọn tó nǹkan bíi nánómítà 80,000. Ohun tí a bá sọ di lẹ́búlẹ́bú dé ìwọ̀n nánómítà 100 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè hu ìwà tí kò hù tẹ́lẹ̀: ó lè le sí i, ó lè gba iná mànàmáná kọjá lọ́nà mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú eruku bẹ́ẹ̀ lè gba imú kọjá títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóóró òṣìṣẹ́.

Ẹ rántí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, èyí tí a fi ṣe òrùlé àti àjà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Nàìjíríà níbí. Ní ọdún 1924, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan tí ń jẹ́ Nellie Kershaw kú ní ọmọ ọdún 33. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ran fọ́nrán ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì bí òwú ni ó ti ṣiṣẹ́. Oníṣègùn tí ó yẹ ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ wò bá eruku náà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde fún aráyé kà. Ní 1931, ìjọba ṣe òfin láti dín eruku náà kù. Síbẹ̀ ó di 1999 kí wọ́n tó fòfin de ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì pátápátá ní ilẹ̀ náà. Ọdún 75! Ẹnìkan jìn sí kòtò, ará yòókù kò gbọ́n. Ńṣe ni wọ́n ń jìn sí i tẹ̀lé e.

Ní 2008, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Edinburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi páìpù tín-ín-tìn-tín tí a fi kábọ̀n ṣe sí inú ikùn eku. Àwọn tí ó gùn nínú wọn ṣe eku náà bí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ti í ṣe é. Àwọn kúkúrú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn lè wí pé eku kì í ṣe ènìyàn, àti pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún un, kì í ṣe pé ó mí i símú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé òkú ènìyàn ni a ń retí kí a tó gbà?

Níbi yìí ni mo ti rí àléébù òwe èkíní pàápàá. Ẹni tí ó ní ojú lè rí igi gogoro ní òkèèrè. Ojú lásán kò lè rí eruku náánò. Nítorí náà a kò lè wí fún òṣìṣẹ́ pé kí ó ṣọ́ra rẹ̀, kí a sì lọ sùn. Ọwọ́ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń rí i ni ẹrù náà wà: olùwádìí àti olówó ilé-iṣẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ dé ẹ̀rọ pa, kí wọ́n fi ohun tí ń fa eruku sí i. Ìbomú ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn.

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NIOSH dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ fún ọ̀ràn yìí ní 2004. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti lọ wọn eruku ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó pè wọ́n, láìgba kọ́bọ̀. Ní 2013 wọ́n dámọ̀ràn pé kí páìpù kábọ̀n inú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ má ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù lọ nínú mítà onígun mẹ́rin-mẹ́rin kan. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣe òfin.

Àwọn kan kò fẹ́ irú àjọṣe yìí. Wọ́n ní àlejò tí a pè kì í sọ pé ọbẹ̀ onílé kò dùn. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n èmi kò bá wọn lọ délé. Bí olùwádìí kò bá wọ ilé-iṣẹ́, níbo ni yóò ti mọ ohun tí òṣìṣẹ́ ń mí símú? Èyí tí ó ń dùn mí ni pé ìjọba, olówó àti ọ̀mọ̀wé lè jókòó yí tábìlì ká láìpe òṣìṣẹ́ sí i. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀dọ̀fóóró tani wọ́n ń jíròrò lé lórí?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Yunifásítì Ladoke Akintola ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùwádìí ti fi èèpo obì àti òwú aláǹtakùn ṣe náánò fàdákà. Orí mi wú nígbà tí mo kà á. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti yàrá ìwádìí bọ́ sí ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́la, àwọn ọmọ tí àwa ń múra láti kọ́ ni yóò máa tú àpò rẹ̀. Ẹnìkan yóò kọ àbájáde ìwọ̀n eruku ibẹ̀ sínú ìwé. Ta ni yóò kà á fún wọn, èdè wo ni yóò sì fi kà á?